Ínsúlínì: Ẹni Tí Ó Ń Ṣètò Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀, Àti Ohun Tí Ojú Ń Rí Nígbà Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Bá Dojú Rú

Bí wọ́n bá kó gbogbo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le jọ ní òwúrọ̀, kí ó tó fẹnu kan nǹkan, kò ní ju ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára ènìyàn tó nǹkan bí lítà márùn-ún. Ṣúgà inú lítà kọ̀ọ̀kan kò ju gíráàmù kan lọ, ó tilẹ̀ lè má pé bẹ́ẹ̀. Gíráàmù márùn-ún, ó parí. Ẹni tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú danfo ní Ojota, ní Èkó, ní aago méje àárọ̀, tí ó ra ìdajì búrẹ́dì àti ẹ̀wà, tí ó sì fi ìgò mínírà kan lé e, ti gbé nǹkan tí ó tó ìlọ́po ogún iye yẹn mì kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, wọn yóò rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ṣíbí kan náà. Níbo ni ìyókù gbà lọ?

Ìbéèrè yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ ìdáhùn rẹ̀ kò pọ̀ tó àwọn tí àìsàn àtọ̀gbẹ, tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ń bá fínra. Ní Ketu, ní Ikosi, ní Mile 12, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ pé "ó ní ṣúgà" tàbí "ṣúgà rẹ̀ ti lọ sókè". Ṣúgà ni gbogbo ayé ń bá ṣẹjọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní ó ní i yóò kọ tíì aládùn sílẹ̀, yóò sì jókòó ti òkè ẹ̀bà bí ẹni pé ẹ̀bà kò sí lára ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí dókítà bá wá dárúkọ abẹ́rẹ́ ínsúlínì, yóò ní ikú ti dé nìyẹn. Oúnjẹ ni ṣúgà, ara kò sì lè ṣe kí ó má lò ó. Ohun tí ó bàjẹ́ ni ètò tí ó ń gbé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀, ínsúlínì sì ni olórí ètò náà.

Lẹ́yìn àpò oúnjẹ, nítòsí eegun ẹ̀yìn, ni ẹ̀yà ara pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní páńkíríásì. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ṣe omi tí ó ń lọ oúnjẹ kúnná nínú ìfun. Ní 1869, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Berlin, Paul Langerhans, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 21 lọ, fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo páńkíríásì, ó sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n pé jọ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, tí wọn kò jọ ìyókù. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Erékùṣù Langerhans ni ayé ń pè wọ́n lónìí. Wọn kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún páńkíríásì lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì béta tí wọ́n ń ṣe ínsúlínì sì wà nínú wọn.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1889, àwọn dókítà méjì, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering, yọ páńkíríásì ajá kan ní Strasbourg. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láìdáwọ́ dúró. Minkowski yẹ ìtọ̀ náà wò, ó sì bá ṣúgà nínú rẹ̀. Bí ó ti di mímọ̀ nìyẹn pé nǹkan kan ń bẹ nínú páńkíríásì tí ó ń kó ṣúgà níjàánu. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ní àyẹ̀wò tiwọn: bí èèrà bá ń bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, wọ́n mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ti wọlé. Àyẹ̀wò náà kò burú, àfi pé ó máa ń pẹ́ jù. Kíndìnrín kì í da ṣúgà sínú ìtọ̀ àyàfi bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 180 (mg/dL) lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ìka, nígbà tí ti ẹni tí ara rẹ̀ le kì í pé 100 ní òwúrọ̀ kí ó tó jẹun. Kí èèrà tó gbọ́, ara ti ń jìyà tipẹ́.

Iṣẹ́ tí ínsúlínì ń ṣe kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá mọ ọjà Mile 12. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó tòmátì wá láti Òkè Ọya kò wúlò fún ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lójú títì; ó di ìgbà tí àwọn oníṣọ̀ọ́bù bá ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó lè já ẹrù. Ẹ̀jẹ̀ ni títì náà. Ṣúgà ni tòmátì. Ínsúlínì ni ẹni tí ó ń lọ káàkiri tí ó ń kan ilẹ̀kùn pé ẹrù ti dé. Bí kò bá kànkùn, tàbí tí ó kànkùn tí àwọn tó wà nínú ilé kò dáhùn, tòmátì á máa rà sójú títì, ọkọ̀ mìíràn á tún tò sẹ́yìn, ebi á sì máa pa àwọn tí wọ́n wà nínú ilé.

Nínú ara gan-an, bí ó ti ń rí nìyí. Sẹ́ẹ̀lì béta ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà. Bí ṣúgà bá ti gòkè díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti tú ínsúlínì tí ó ti ṣe pamọ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ ni ínsúlínì náà kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀dọ̀ á dẹ́kun ṣíṣe ṣúgà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tí ó wà nílẹ̀ pamọ́. Nǹkan bí 100 gíráàmù ni ó lè gbà. Ẹran ara gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó 400. Bí àyè ibi méjèèjì bá kún, ìyókù á di ọ̀rá. Lójú sẹ́ẹ̀lì ẹran ara àti ti ọ̀rá, àwọn ọ̀nà kan wà tí ṣúgà ń gbà wọlé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní GLUT4. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fara pamọ́ sí. Ìgbà tí ínsúlínì bá fọwọ́ kan ara sẹ́ẹ̀lì níta ni wọ́n tó ń jáde wá sí ojú rẹ̀. Ọpọlọ kò nílò ètò yìí. Ó ń gba ṣúgà tirẹ̀ láìdúró de ínsúlínì, ó sì ń jẹ tó 120 gíráàmù lójúmọ́. Ìdí nìyí tí ara kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tán pátápátá.

Ní òru, tàbí lọ́sàn-án Ramadan, nígbà tí oúnjẹ kò wọlé, ínsúlínì á lọ sílẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú erékùṣù kan náà, tí wọ́n ń jẹ́ álífà, á tú gúlúkágọ̀nì jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: òun ni ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó mú nínú ohun tí ó kó pamọ́ wá síta. Àwọn méjèèjì ń ṣe é ní tọ̀sán-tòru, ẹni tí ó ní wọn kò sì mọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ṣúgà ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí kò gba ti ínsúlínì rárá, Mile 12 sì ni ó dára jù láti wò ó. Bí aláàárù bá ru àpò àlùbọ́sà láti ìdí ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ń yọ GLUT4 wá sójú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, láìsí pé ínsúlínì kànkùn. Ṣúgà á wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ohun tí dókítà ń sọ nígbà tí ó bá ní kí ènìyàn máa rìn nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ara. Awakọ̀ danfo tí ó jókòó láti Ojota dé Ìdúmọ̀tà, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ikorodu Road sì dá a dúró fún wákàtí méjì, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ BRT tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn láti Mile 12 ní oṣù Kẹta 2008 dín ìyà àwọn èrò kù gan-an, ṣùgbọ́n ìjókòó ṣì ni ìjókòó, àfi fún ẹni tí wọ́n bá fún mọ́ àárín èrò ní ìdúró. Ìyẹn náà kì í ṣe eré ìdárayá.

Ọ̀nà méjì ni ètò náà sábà máa ń gbà bàjẹ́. Àkọ́kọ́ máa ń bá àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jù: àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn á kọjú ìjà sí sẹ́ẹ̀lì béta, wọ́n á sì pa wọ́n run. Ínsúlínì kò sí mọ́. Ọmọ náà á máa jẹun, á máa rù. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa tọ̀, ọmọ tí kò tọ̀ sílé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kò bá rí ṣúgà lò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀rá, èéfín iṣẹ́ yẹn sì ni ásíìdì tí wọ́n ń pè ní kítónù. Inú á máa run ọmọ, á máa bì, mímí rẹ̀ á jìn, á sì yára, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí èso tí ó ti pọ́n jù. Ní Èkó, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ènìyàn lọ́kàn ni ibà tàbí táífọ́ọ̀dù. Wọ́n á ra oògùn ibà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ á so omi gúlúkóòsì mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, kí agbára lè dé: ṣúgà lórí ṣúgà, fún ara tí kò lè lo èyí tí ó ti ní. Gígún ìka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ì bá fi ọ̀ràn náà hàn.

Ṣáájú 1922, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Dókítà tí ó gbọ́n jù ní Amẹ́ríkà ń fi ebi pa wọ́n, kí wọ́n lè fi oṣù mélòó kan pẹ́ sí i láyé. Ní Toronto, ní Kánádà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1921, oníṣẹ́-abẹ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé, Frederick Banting, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best, bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi kúrò nínú páńkíríásì ajá nínú ilé ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. R. Macleod. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1922 wọ́n gún irú omi páńkíríásì bẹ́ẹ̀ fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, tí kò wọ̀n ju nǹkan bí kílò 30 lọ, tí ó wà ní ilé ìwòsàn Toronto General. Kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ojú abẹ́rẹ́ wú, ṣúgà sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ péré. James Collip, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti kẹ́mísìrì, ló fi ọjọ́ méjìlá tí ó tẹ̀lé e yọ ìdọ̀tí kúrò nínú oògùn náà. Ní ọjọ́ 23 wọ́n tún gún un. Ṣúgà ọmọ náà já láti 520 sí 120. Ó gbé ọdún mẹ́tàlá sí i láyé.

Ní 1923 ni wọ́n fún Banting àti Macleod ní ẹ̀bùn Nobel. Inú bí Banting pé wọn kò dárúkọ Best, ó sì pín owó tirẹ̀ fún un. Macleod náà pín tirẹ̀ fún Collip. Ẹ̀tọ́ oògùn náà ni Banting, Best àti Collip tà fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di tara rẹ̀.

Fún ọgọ́ta ọdún tí ó tẹ̀lé e, inú páńkíríásì màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ínsúlínì. Àwọn Mùsùlùmí kan ní Ketu ṣì ń fi èyí ṣe àwíjàre tí wọn kò fi gbà á, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1978 ni àwọn onímọ̀ ní Genentech, ní Amẹ́ríkà, fi àṣẹ ínsúlínì ti ènìyàn sínú kòkòrò bakitéríà kí ó lè máa ṣe é. Ní 1982 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títa rẹ̀. Láti ìgbà náà, kòkòrò tín-ín-tìn-ín àti ìwúkàrà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lórí àtẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ètò náà fi ń bàjẹ́ ni ó kó èyí tí ó ju àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn. Ínsúlínì wà níbí, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni kò gbọ́ mọ́. Ọ̀rá inú ikùn àti inú ẹ̀dọ̀, ìjókòó pípẹ́, ọjọ́ orí, àti ohun tí ènìyàn jogún lára bàbá àti ìyá, gbogbo wọn ló ń di sẹ́ẹ̀lì létí. Páńkíríásì á máa ṣe àfikún láti bo àṣìṣe náà, fún ọdún márùn-ún, fún mẹ́wàá, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Britain fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ fún ènìyàn pé ó ní àìsàn náà, nǹkan bí ìdajì agbára sẹ́ẹ̀lì béta rẹ̀ ti lọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ rántí nìyí. Bí dókítà bá ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń lo oògùn oníhóró, ohun tí ara rẹ̀ kò lè ṣe tó mọ́ ni wọ́n fẹ́ fi kún un. Oògùn bí Daonil ń ti páńkíríásì pé kí ó tún ṣe sí i; Glucophage ń dá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ dúró kí ó má baà máa da ṣúgà jáde lójú òru. Kò sí èyí tí ó lè ti sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú.

Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ní 1963, dókítà kan tí ń jẹ́ Kinnear kọ̀wé láti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, pé àwọn tí ó ní i kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, 0.4 ni ó kà. Ní 1971, B. O. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà ṣe àkójọ aláìsàn 832 sínú ìwé kan, èyí tí àwọn dókítà wa ṣì ń tọ́ka sí. Ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe darí, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997, rí 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn olùwádìí, Uloko àti àwọn mìíràn, fi kó gbogbo ìwádìí Nàìjíríà jọ ní 2018, ó ti di 5.77, wọ́n sì ṣírò pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó lé ní mílíọ̀nù 11 ló ń gbé e kiri. Ní Áfíríkà, ó lé ní ìdajì nínú wọn tí kò mọ̀.

Àwọn kan á ní ìran ènìyàn dúdú ni ó fà á. Ìran ń dá sí i, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí Richard Cooper, Charles Rotimi àti ẹgbẹ́ wọn fi àwọn ará Igbó-Ọrà àti agbègbè rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wé àwọn ènìyàn dúdú ní Jàmáíkà, St Lucia, Barbados, Britain, àti Maywood nítòsí Chicago. Nàìjíríà ní nǹkan bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn erékùṣù Caribbean ní 9, Amẹ́ríkà àti Britain 11. Bàbá ńlá kan náà ni. Ibi tí wọ́n ń gbé, bí wọ́n ti ń jẹ àti bí wọ́n ti ń rìn ni ó yàtọ̀. Ojota lónìí sún mọ́ Maywood ju bí ó ti sún mọ́ Igbó-Ọrà ìgbà náà lọ.

Ti ìran náà ní orí tirẹ̀, ọmọ wa sì ni ó kọ ọ́. Ní 2019, Adebowale Adeyemo, pẹ̀lú Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 5,000 wò ní Nàìjíríà, Ghana àti Kenya. Wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú àbùdá tí ń jẹ́ ZRANB3, tí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì béta dín kù, tí wọn kò sì rí lára àwọn òyìnbó. Wọ́n tún fi ẹja kékeré kan, zebrafish, dán an wò: nígbà tí wọ́n dí ZRANB3 lọ́wọ́, sẹ́ẹ̀lì béta ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tí èyí ń sọ kò kéré. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú àwọn tiwa máa ní ìṣòro níbi ṣíṣe ínsúlínì, kì í ṣe níbi gbígbọ́ràn sí i nìkan, àwọn ìwé tí wọ́n fi ara àwọn òyìnbó kọ kò sì lè sọ èyí fún wa.

Ṣúgà tí ó bá jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ ń ba ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àwọn tí ó tín-ín-rín jù ló ń kọ́kọ́ lọ: ti ojú, ti kíndìnrín, àti ti àwọn iṣan tí ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora. Nígbà tí Alhaji Sikiru Ayinde Barrister, ọ̀gá fújì, kú ní London ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2010, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ti bá a fínra pẹ́. Ti ẹsẹ̀ ló máa ń bani nínú jẹ́ jù. Obìnrin tí ó ń dúró ta ata lójúmọ́, tí bàtà rẹ̀ sì gé e, kò ní mọ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú. Láàárín 2016 sí 2017, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà tọ́jú aláìsàn 336 tí egbò ẹsẹ̀ ṣúgà gbé wá. Ìdajì nínú wọn ti gbé egbò náà sílé fún ọjọ́ 39 ó kéré tán kí wọ́n tó wá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ọmọ ìka fún 35 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún kú. Ọjọ́ 39 náà ni ìbínú ẹni yẹ kí ó dúró lé. Ibi tí ilé oògùn ìbílẹ̀, ilé àdúrà àti kẹ́mísì ti ń pín aláìsàn lọ́wọ́ ara wọn nìyẹn.

Lórí oúnjẹ, àwọn ènìyàn máa ń ní kí ẹni tí ó ní ṣúgà máa jẹ "wheat" àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, bí ẹni pé àwọn wọ̀nyí kì í di ṣúgà. Gbogbo òkèlè ń di ṣúgà nínú ìfun. Òmíràn ń yára ju òmíràn lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti tóbi tó lórí àwo ni ó ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Èso láti ọjà Ketu kò burú bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lódidi. Ọsàn mẹ́fà tí wọ́n fún sínú ife kan ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún. Ìjọba fi owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn nínú òfin ìnáwó 2021, àwọn tí wọ́n ń mu ún ní gáréèjì kò sì fura.

Ewúro ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ti fún àwọn eku aláìsàn ní omi rẹ̀, ṣúgà wọn sì lọ sílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó lè rọ́pò ínsúlínì fún ọmọ tí kò ní in rárá. Ẹni tí ó bá sì ní àgbo òun ní ínsúlínì nínú ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ìdìpọ̀ purotéènì ni ínsúlínì, ẹ̀ka 51 tí wọ́n so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí Frederick Sanger ti ṣàlàyé rẹ̀, tí ó fi gba Nobel ní 1958. Bí ó bá gba ẹnu wọlé, inú á lọ̀ ọ́ bí ẹran àti ẹ̀wà. Ìdí tí ó fi jẹ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn.

Owó ínsúlínì ni ìṣòro gidi. Láti òkè òkun ni ó ti ń wọlé, nígbà tí ìjọba sì fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà 2023, iye oògùn òkèèrè fò sókè. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sanofi, ọ̀kan nínú àwọn ńlá tí ó ń ṣe ínsúlínì, kéde pé òun kò ní máa ta ọjà fúnra òun ní Nàìjíríà mọ́, òun yóò gbé e fún olùpín. Àwọn aláìsàn ń pín ìwọ̀n tí dókítà kọ sí méjì, kí ìgò kan lè pẹ́.

Ìtọ́jú ínsúlínì nílé kò le tó bí wọ́n ti ń sọ. Èyí tí wọn kò tíì ṣí ni kí ó wà nínú fìríìjì, kí ó má dì. Èyí tí wọ́n ti ṣí lè wà nínú yàrá tí kò gbóná jù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí iná bá sì lọ, àmù ń bẹ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí ìkòkò amọ̀ ní àwọn ìlú olóoru, wọ́n sì rí i pé ó ń mú ínsúlínì tutù ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ọmọ Nàìjíríà kan, Mohammed Bah Abba, láti Jigawa, ti gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 fún ìkòkò nínú ìkòkò tí yanrìn tútù wà láàárín wọn, tí ó ń tọ́jú ewébẹ̀ kí ó má bàjẹ́. Ní ibùdó àwọn asásálà ní Dagahaley ní Kenya, Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva fi hàn ní 2021 pé ínsúlínì tí ó wà láàárín ìwọ̀n ooru 25 sí 37 kò pàdánù agbára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ewu kan wà tí ẹni tí ó ń lo ínsúlínì tàbí Daonil gbọ́dọ̀ mọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: kí ṣúgà já jù. Ó gba abẹ́rẹ́, kò sì jẹun. Ọkọ̀ dá a dúró ní Ojota fún wákàtí méjì. Ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èrò á ní ó ti mutí. Bí ẹ̀rọ bá ka ohun tí kò tó 70, kí wọ́n fún un ní ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́ta nínú omi, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá dá wọn lóhùn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni.

Ní ti àyẹ̀wò, 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ kí ènìyàn tó jẹun, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àìsàn náà ti dé. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tí ó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń pẹ́ tó nǹkan bí ọjọ́ 120. Bí ó bá jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè, àmì àìsàn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní àárín àwa tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ AS ní ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ (genotype), àwọn ẹ̀rọ kan ń ṣì í kà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ó jẹ́ SS kò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, nítorí náà HbA1c rẹ̀ á máa kéré ju bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ. Kí ẹni tí ó bá mọ ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n lè gbára lé gígún ìka ní òwúrọ̀ fún un.